Láti Ẹnu Akéde dé Orí Fóònù: Ìtàn Bí Afohùnṣiṣẹ́ Ṣe Ń Rí Oníbàárà, pẹ̀lú Àfiyèsí sí Kudenda ní Ìlú Kàdúná

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí tọ ipasẹ̀ iṣẹ́ àwọn tí ń fi ohùn wọn jẹun láàárín Yorùbá, láti ayé akéde àti onírárà títí di òní tí ọ̀dọ́ lè jókòó nínú yàrá rẹ̀ kí ó gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù fún ẹni tí kò rí rí. Ìbéèrè méjì ni a gbé ka iwájú: ta ni ó ń san owó ohùn, báwo sì ni ẹni tí ó ni ohùn ṣe ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? A fi hàn pé ẹni tí ń sanwó ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a fi ń rí i kò yí padà tó bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe rò. Ohun tí ó yí padà gan-an ni pé ohùn ti kúrò lára ẹni tí ó ni ín, àdéhùn kò sì tíì bá a lọ. Agbègbè Kudenda ní ìlú Kàdúná ni a fi ṣe ibi ìdúró wa, a sì dá àbá fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ àwọn olùkọ́.

Ìfáàrà

Kudenda jẹ́ ọ̀kan lára àwọn agbègbè ilé iṣẹ́ ní apá gúúsù Kàdúná, ní ìtòsí Kakuri àti Makera. Ìlú Kàdúná fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìlú àtijọ́. Ní 1913 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ní 1917 ni ó sì di olú-ìlú Àríwá nígbà tí wọ́n kó ìjọba kúrò ní Zungeru. Ojú irin tí ó ti Èkó wá, tí ó gba Ìbàdàn àti Jẹ́bà kọjá, ni ọ̀pọ̀ Yorùbá tọ̀ dé ibẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, tí United Nigerian Textiles sì tẹ̀ lé e ní 1964, iṣẹ́ ẹ̀rọ tún fa àwọn mìíràn wá láti ibi gbogbo. Gbagyi tí wọ́n ni ilẹ̀, Hausa, Yorùbá, Igbo àti àwọn ẹ̀yà gúúsù Kàdúná jọ ń gbé, wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà.

Iná àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí kú díẹ̀díẹ̀. Kaduna Textiles ti ilẹ̀kùn ní 2002. United Nigerian Textiles dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 2007, ó tún ṣí ní 2010, ṣùgbọ́n kò padà sí bí ó ṣe tóbi tẹ́lẹ̀. Ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ wà lára àwọn tí ń jókòó níwájú àwa olùkọ́ni lónìí. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí NCE tán, iṣẹ́ ilé ìwé kò sì kárí gbogbo wọn. Díẹ̀ lára wọn ti ń wo ohùn tí Ọlọ́run fi fún wọn bí ohun tí a lè fi ṣe iṣẹ́. Ìbéèrè tí wọ́n sì ń béèrè kò fara sin: níbo ni a ti ń rí ẹni tí yóò sanwó?

Afohùnṣiṣẹ́ ni a ó máa pe ẹni tí ń ka ìpolówó, tí ń ka ìwé sórí ẹ̀rọ, tí ń kó ipa nínú eré rédíò, tàbí tí ń fi ohùn sí fíìmù àti ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà, tí kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ olówó oṣù níbì kankan. Orúkọ lè dà bí tuntun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ní ìtàn, ìtàn náà sì ní ìdáhùn fún àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí.

Ohùn tí a ń san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀

Kí rédíò tó dé, oríṣìí ènìyàn mẹ́rin, ó kéré tán, ni ó ń fi ohùn ṣiṣẹ́ láàárín Yorùbá. Èkíní ni arókin, tí ń pa ìtàn àwọn ọba mọ́ ní ààfin Ọ̀yọ́. Lọ́wọ́ wọn ni Samuel Johnson ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ààfin ni ó ń bọ́ arókin, nítorí náà kò wá oníbàárà kiri. Èkejì ni akéde, tí ń kéde àṣẹ ọba àti ìjòyè káàkiri àdúgbò. Hausa ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní mai shela. Ẹ̀kẹta ni onírárà àti onílù, tí wọ́n ń jẹun níbi ìnáwó àti lẹ́nu ọ̀nà àwọn ọlọ́lá. Ẹ̀kẹrin ni ẹni tí ń kiri ọjà, tí ń kọ orin sí èkuru tàbí mọ́ínmọ́ín kí ẹni tí ó wà nínú ilé lè jáde wá. Ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún ìpolówó ọjà lórí rédíò lónìí, láti ẹnu irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó ti wá.

Ẹni kẹta ni ó ní ẹ̀kọ́ jù fún wa, nítorí òun ni kò ní olówó oṣù, tí kò sì ní ọjà mìíràn lórí igbá ju ohùn lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ń ṣe é. Onírárà kì í kọ́kọ́ royìn ara rẹ̀. Kì í sọ pé ohùn òun dùn, kì í sì í ka iye òde tí òun ti lọ. Oríkì ẹni tí yóò fún un lówó ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti wádìí orúkọ bàbá ẹni náà, ìlú tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, àti ohun tí ìdílé wọn fi ń yangàn. Kí ẹni náà tó mọ̀, ó ti gbọ́ ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wọ àpò.

Àpẹẹrẹ iṣẹ́ àti ìbéèrè fún owó wà nínú ohùn kan ṣoṣo yẹn. Bí onírárà bá dákẹ́, ohùn tán. Ẹni tí ó bá tún fẹ́ gbọ́ ọ ní láti tún pè é, kí ó sì tún fún un ní nǹkan. Kò sí ìjà lórí pé ta ni ó ni ohùn, nítorí ohùn àti olóhùn kò pínyà rí.

Ìgbà tí ilé iṣẹ́ gba ohùn mọ́ra

Ìpínyà náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ dé. Ní 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ orin ẹ̀sìn ní èdè Yorùbá sórí àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó ní àwo lè gbọ́ ohùn rẹ̀ ní Abẹ́òkúta tàbí Èkó láìsí pé òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ rédíò alápótí tí a mọ̀ sí Rediffusion ní Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1939, ó sì dé Kánò ní 1944. Ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dá tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, níbi tí Adébáyọ̀ Fálétí ti ṣiṣẹ́. Ẹkùn Àríwá náà dá rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ ní Kàdúná ní 1962. Ẹni tí ó ní ohùn rere ní ibì kan ṣoṣo láti gbé e lọ: ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìjọba. Bí wọ́n bá gbà á, ó di olówó oṣù. Bí wọn kò bá gbà á, ó padà sílé.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní 1978 tí ó kan Yorùbá Kàdúná gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí ìjọba ológun dá ilé iṣẹ́ rédíò àpapọ̀, FRCN, sílẹ̀, wọ́n pín èdè láàárín àwọn ẹ̀ka rẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n gbé Yorùbá fún, Kàdúná ni wọ́n gbé Hausa fún. Ìpín náà bọ́gbọ́n mu fún ìṣàkóso, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ọmọ Yorùbá tí a bí sí Kakuri tàbí Kudenda kò ní ilẹ̀kùn tí ó lè kàn ní ìlú rẹ̀ bí èdè ìyá rẹ̀ ni ó fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Bí yóò bá ṣe é níbẹ̀, èdè ibẹ̀ ni yóò fi ṣe é.

Àwọn kan ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Usman Baba Pategi, tí gbogbo Àríwá mọ̀ sí Samanja, kì í ṣe Hausa láti ìbílẹ̀. Pategi ní ilẹ̀ Nupe, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ni ó ti wá. Síbẹ̀, nínú eré Hausa ni ó ti di ìlúmọ̀ọ́ká. Iṣẹ́ ológun sì ni ó ń ṣe pẹ̀lú eré náà. Ohùn mú orúkọ wá fún un, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń rò pé òkìkí àti owó jọ ń rìn pọ̀ fi ìyẹn sọ́kàn.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀: ẹni tí ó fúnra rẹ̀ wá onígbọ̀wọ́

Láàárín ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìjọba àti ìta, àwọn kan là ọ̀nà kẹta ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ni à ń pè ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ rédíò. Wọ́n máa ń ra àkókò lórí afẹ́fẹ́, bóyá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan lọ́sẹ̀, wọ́n á gbé ètò tiwọn kalẹ̀, wọ́n á sì wá àwọn oníṣòwò tí yóò polówó ọjà nínú rẹ̀. Owó tí ó bá lé lórí owó afẹ́fẹ́ ni èrè wọn. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí FIBAN. Lẹ́yìn tí òfin 1992 fàyè gba aládàáni láti dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀, tí RayPower sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1994, ibi tí a ti lè ra àkókò pọ̀ sí i.

Gbénga Adébóyè, tí ó kú ní 2003, ni a lè fi ṣe àpẹẹrẹ afohùnṣiṣẹ́ pátápátá. Ẹnu kan ṣoṣo ni ó fi ń gbé Jẹ́ńgẹ́tiẹ́lẹ̀, Láísì Abẹ̀sùpínlẹ̀ àti àwọn mìíràn jáde, olúkúlùkù pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. Kò fi mọ sórí rédíò. Ó ṣe kásẹ́ẹ̀tì, ó sì ń lọ sí òde ìnáwó. Kọ́lá Ọláwúyì, tí ó kú ní 2007, gba ọ̀nà mìíràn. Ètò kan ṣoṣo, Ǹkan Ń Bẹ, ni àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n, débi pé orúkọ ètò àti orúkọ olóhùn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ sí onírárà nínú ohun tí ó ṣe pàtàkì jù. Bí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò láti béèrè ìpolówó, ohun tí ó mú dání ni bí ìpolówó ọjà oníṣòwò náà yóò ṣe dún. Ó ti mọ orúkọ ọjà, ó ti mọ ẹni tí ń rà á, ó sì lè pe orúkọ náà lójú ẹsẹ̀ kí ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí onírárà kò ní: sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti san owó afẹ́fẹ́ kí oníbàárà tó sanwó fún un. Bí onígbọ̀wọ́ bá fi sí ọ̀la, gbèsè di tirẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe kọ́ láti gba owó ṣáájú, tí ó sì kọ́ láti má ṣe gbé gbogbo ara lé onígbọ̀wọ́ kan. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Kudenda: àwọn tí ń sanwó nísinsìnyí

Nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ ń mì tìtì ní Kàdúná, Èkó ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìpolówó ńláńlá fìdí kalẹ̀ sí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yan ohùn. Ẹni tí ó bá sọ pé ikú ilé iṣẹ́ aṣọ ni ó pa oníbàárà afohùnṣiṣẹ́ ní Kudenda kò rí gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Oníbàárà ńlá kò fi bẹ́ẹ̀ sí nítòsí tẹ́lẹ̀. Oníbàárà kékeré ni ó wà, òun náà ni ó sì pọ̀ jù nísinsìnyí.

A lè ka díẹ̀ nínú wọn. Ilé ìwé aládàáni ń polówó nígbà tí sáà tuntun bá ń bọ̀. Ìjọ àti ẹgbẹ́ mùsùlùmí ń kéde ìpàdé ńlá. Olóògùn àti oníbúrẹ́dì fẹ́ kí a gbọ́ orúkọ àwọn. Nínú ọjà, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti fi gbohùngbohùn alámemórì rọ́pò ẹnu ara wọn: wọ́n gba ìpolówó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ láti àárọ̀ di alẹ́. Olùdíje fún ipò òṣèlú ń wá ohùn nígbà ìbò. Àwọn ètò ìlera náà ń sanwó: nígbà ìpolongo lòdì sí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, tí àjọ ìlera àgbáyé sì kéde ní 2020 pé irú àdáyébá rẹ̀ ti kúrò ní Áfíríkà, rédíò àti akéde jọ ṣiṣẹ́ ní Àríwá. Akéde kò kú. Oníbàárà tuntun ni ó rí.

Ohun tí ọmọ Kudenda ní tí ọmọ Èkó lè má ní ni èdè púpọ̀. Ẹni tí ó lè ka ìkéde kan náà ní Yorùbá, Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì, kí ó má sì fi èdè kan pa òmíràn lára, ń ta ọjà mẹ́ta lórí igbá kan. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó kọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, ó ní ẹ̀kẹrin. Oníbàárà sábà máa ń mú ìwé tí kò ní àmì ohùn wá. Ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ yóò rí bákan náà lójú rẹ̀. Ẹni tí ó bá lè wo irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ó tún un kọ, kí ó sì kà á bí ó ti yẹ, ti kúrò ní ẹni tí ń ta ohùn lásán. Ìmọ̀ ni ó ń tà, owó ìmọ̀ sì yàtọ̀.

Ohùn tí ó ti kúrò lára olóhùn

Íntánẹ́ẹ̀tì ti mú kí oníbàárà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Toronto lè wá ohùn Yorùbá láìdé Nàìjíríà. Láti ọdún 2003 ni ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Voices123 ti wà, Fiverr sì bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Nílé, àjọ tí ń mójú tó ìpolówó, ARCON, kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2022, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo ohùn tàbí àwòrán àjèjì mọ́ nínú ìpolówó tí a ṣe fún ọjà Nàìjíríà. Ìròyìn ayọ̀ ni fún afohùnṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin lè ṣí ilẹ̀kùn, kò lè mú ènìyàn gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tí a kò mọ̀, tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, yóò ṣì dúró síta.

Ohun tí ó yẹ kí ó ká wa lára jù ni ti níní. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀dọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ka ìpolówó fún ilé ìwé kan ní owó táṣẹ́rẹ́, láìsí ìwé kankan láàárín wọn. Ilé ìwé náà lè lò ó fún ọdún márùn-ún, kí wọ́n yí orúkọ sáà nìkan padà, kí wọ́n sì fún ẹ̀ka wọn mìíràn. Olóhùn yóò máa gbọ́ ara rẹ̀ lójú títì, àpò rẹ̀ yóò sì gbẹ. Ẹyin lohùn: bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó mọ́.

Nísinsìnyí, ẹ̀rọ tún lè kọ́ ohùn ènìyàn kí ó sì máa sọ ohun tí ẹni náà kò sọ rí. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Google pẹ̀lú Kọ́lá Túbọ̀sún gbé àkójọ ohùn Yorùbá kan jáde fún ìlò gbogbo ayé. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí 4, ènìyàn 36, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni ó sì yọ̀ǹda ohùn wọn fún un. Iṣẹ́ rere ni fún èdè wa, àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohùn wákàtí mélòó kan péré ti tó di ohun èlò fún ẹ̀rọ. Ọ̀dọ́ tí ó bá fi irú èyí ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀, tí kò sì béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, lè ti ta gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ iwájú rẹ̀ ní owó ọjọ́ kan. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022 fún òṣèré ní agbára lórí gbígba iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ àti ṣíṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ náà kò lè béèrè rẹ̀.

Àbá fún àwa olùkọ́ni

Èkíní, kí kíkà sókè padà sínú kíláàsì Yorùbá bí iṣẹ́ tí a ń dá máàkì fún, kì í ṣe bí ohun tí a fi ń kọjá àkókò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá lè ka ìwé olójú ewé kan pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé kò tíì ní ohun tí yóò tà.

Èkejì, kí a fi ọgbọ́n onírárà kọ́ wọn ní bí a ti ń wá oníbàárà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ yan oníṣòwò kan ní àdúgbò rẹ̀, kí ó mọ ohun tí ó ń tà àti ẹni tí ń rà á, kí ó sì gba àpẹẹrẹ ìpolówó rẹ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ó jẹ́ ìtọ́wò, kí ó má jẹ́ odindi ìkòkò. Bí ó bá gbé gbogbo iṣẹ́ fún oníbàárà kí ó tó gbowó, kò sí ohun tí yóò mú oníbàárà náà padà wá.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ́ wọn ní àdéhùn olójú ewé kan ní Yorùbá, ní Hausa àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó sọ iye owó, iye tí a ó san ṣáájú, iye ìgbà tí a ó tún iṣẹ́ kà láìgba owó mìíràn, ibi tí a ó ti lo ohùn náà, àti ọjọ́ tí ìlò rẹ̀ yóò parí. Kí ìlà kan sì wà tí ó sọ bóyá a lè fi ohùn náà kọ́ ẹ̀rọ tàbí a kò lè fi kọ́ ọ.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ẹ̀ka èdè jọ ṣiṣẹ́. Yàrá kékeré kan tí a fi aṣọ tí ó nípọn bo ara ògiri rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ agbóhùn kan tí ó dára, tó fún Yorùbá, Hausa, Igbo, Lárúbáwá àti Faransé láti lò papọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Láti ààfin dé ojú irin, láti àpótí Rediffusion dé gbohùngbohùn inú ọjà, kò sí ìgbà kan tí ohùn kò ní ẹni tí ń san owó rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kí a gbọ́ òun ni ó ń sanwó, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì lè tán ní Kudenda. Àwọn tí wọ́n rí i ṣáájú wa rí i nítorí pé wọ́n mọ oríkì rẹ̀ kí wọ́n tó lanu. Ọgbọ́n yẹn wà lọ́wọ́ wa, a lè fi lé ọmọ lọ́wọ́ lọ́la. Èyí tí àwọn baba wa kò nílò, tí àwọn ọmọ wa kò lè ṣe aláìní, ni ìwé àdéhùn. Nígbà ayé onírárà, ohùn tán nígbà tí ó bá dákẹ́. Ohùn ọmọ tí a ń kọ́ lónìí kì í dákẹ́ mọ́, nítorí náà ó yẹ kí ó mọ ẹni tí ń lò ó, ibi tí ó ti ń lò ó, àti ìgbà tí owó rẹ̀ yóò wọlé.